Ìràwọ̀ Tí Mo Mú Kọlu Ara Wọn

Ọyẹ́ Jos ti la ètè mi yánnayànna lọ́dún tí mo fẹ́ jáde ní yunifásítì, síbẹ̀ n kò yé sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí bí ìràwọ̀ tuntun ṣe ń yọ wìtìwìtì nígbà tí agbo ìràwọ̀ méjì bá pàdé lójú ọ̀run. Èmi ọ̀mọ̀ràn ti ní ìdáhùn: àwọn ìràwọ̀ ń forí gbára ni, iná tó bá ta jáde a di ìràwọ̀ ọmọ. Bàbá mi, alàgbà ìjọ wa ní Àpáta ní ìlú Jos níbẹ̀, pe àgbàlagbà kan ládùúgbò, òṣìṣẹ́ ìwakùsà tó ti fẹ̀yìntì, pé kó wá gbọ́ mi kí n tó dé iwájú àwọn olùkọ́.

Bàbá náà gbọ́ ọ délẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ náà lo sọ pé ìràwọ̀ kan jìnnà réré sí èkejì. Báwo ni wọ́n ṣe wá ń gbára? Àbí nǹkan mìíràn wà láàárín wọn?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Haba, Bàbá! Èyí kì í ṣe kòtò kùsà o."

Bàbá mi ní kí n dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì. Mo dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀rín sì ń pa mí nílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìbéèrè yẹn gan-an ni ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́kọ́ bi mí. Ó ní ìràwọ̀ kì í sábà kan ara wọn rárá, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń gbà kọjá. Ìkùukùu gáàsì tó wà láàárín wọn ló ń kọlu ara, tó ń fún pọ̀, tó sì ń di ìràwọ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ó ní ó wà nínú ìwé tí mo kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn iṣẹ́ mi. Ta ló kà á? Orúkọ ìwé nìkan ni mo dà kọ. Wọ́n ní kí n tún ọdún náà ṣe.

Bàbá mi, tó ti kéde nínú ìjọ pé mo ti fẹ́ gboyè, wá sọ fún wọn pé àwọn olùkọ́ wa ló daṣẹ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ìjọ tí a jọ wà ní yunifásítì ń gbé báàgì kọjá níwájú ilé wa láràárọ̀. Àwọn èèyàn ń ní, "Ọlọ́run á dá sí i," wọ́n ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Olùkọ́ ni mí báyìí, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí gan-an. Lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi, pásítọ̀ ní ọkùnrin náà kò purọ́ rí láyé. Gbogbo ìjọ, tí wọ́n mọ̀, ní, "Àmín." Èmi kò lè ṣe "Àmín" yẹn, nítorí mo rántí irọ́ tó pa nítorí mi.