Ìyá Ọkọ Mi Bá Mi Lọ Sí Kúta

Mo kọ ọkọ lónìí ní kóòtù tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní Ìwó, ìyá ọkọ náà ló sì bá mi ru ẹrù jáde.

A kò jà lórí ẹrù. Mo kó ìkòkò aró mi, ọkọ náà kó àwọn ewúrẹ́ rẹ̀.

Ó wá ku Àṣàkẹ́, ọmọ wa tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Bàbá rẹ̀ ní n kò gbọdọ̀ tọ́ ọ; ọ̀dọ̀ ìyá òun ni kó máa gbé.

Ìjòyè tó ń dájọ́ bi mí bóyá mo gbà. Mo ní mo gbà, torí obìnrin náà kò ṣe mí níbi rí.

Wọ́n fi àṣẹ sí i.

Ni ìyá ọkọ mi bá dìde. "Mo gbọ́, ẹ̀yin ìjòyè. Kúta ni èmi àti ìyá ọmọ ń lọ."

Ọmọ wọn ní, "Ìyá, ta ni yóò máa dáná fún mi?"

"O kò fi ìyẹn sínú àdéhùn."

Ìyá ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá mi ní Kúta báyìí, Àṣàkẹ́ wà lẹ́sẹ̀ wọn. Bàbá mi ń bi mí bóyá àna òun ṣì ni wọ́n.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ni kí n wí?