Ìjọba Ní Kí N Fi Ẹnu Ara Mi Pe Ara Mi Ní Aláìsàn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, ẹ ò mọ adùn tí ẹ ń jẹ. Tí ara yín ò bá yá, ẹ ó pe ọ̀gá lórí fóònù, ẹ ó wúkọ́ díẹ̀ kí ó lè gbà yín gbọ́, ẹ ó sì padà lọ sùn. Èmi tí mo ti ń ránṣọ fún ara mi láti ìgbà tí mo ti dé Toronto, nínú yàrá kejì ilé wa ní Etobicoke, ọ̀gá kan ṣoṣo ni mo ní, inú dígí ni mo sì ti máa ń rí i. Ọ̀gá náà le. Mo ti tọrọ ìsinmi lọ́wọ́ rẹ̀ láìmọye ìgbà, kò fún mi rí.

Rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ mi òsì láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló wá ń dá iṣẹ́ ẹsẹ̀ méjì ṣe: òun ló ń gbé mi rìn, òun náà ló ń tẹ maṣíìnì. Ó ṣe é ju àádọ́ta ọdún lọ, kò kùn. Nígbà tó wá fẹ́ kùn, gbogbo ẹ̀ ló kó jáde pọ̀. Orúnkún ń wú, itan ń gbọ̀n, nígbà mìíràn ẹsẹ̀ náà á kàn yẹ̀ lábẹ́ mi bí ẹni pé kò mọ̀ mí rí. Dókítà wò ó títí, ó ní tí mo bá tẹ maṣíìnì di ọdún tó ń bọ̀, inú kẹ̀kẹ́ arọ ni wọn yóò ti máa tì mí kiri. Ó ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí n kọ̀wé béèrè owó tí ìjọba ń san fún ẹni tí àìlera kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ó ní ẹ̀tọ́ mi ni. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀tọ́ wà lórí tábìlì, kí n ṣáà na ọwọ́ mú un.

Ọ̀rọ̀ náà kò wá le lójú mi. Bí wọ́n bá gbà, ẹsẹ̀ mi á sinmi. Bí wọn ò bá gbà, n ó padà sídìí maṣíìnì, nítorí onílé wa kì í bá orúnkún sọ̀rọ̀, kẹ̀kẹ́ á sì wá gbé mi tó bá yá.

Fọ́ọ̀mù náà gùn ju ìwàásù ọjọ́ Àjíǹde lọ. Wọ́n béèrè ìgbà tí àìlera mi bẹ̀rẹ̀. Mo kọ òtítọ́: ọmọ ọdún mẹ́rin. Wọ́n kọ̀wé padà pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni mo ṣe wá ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà náà? Ẹ ò rí i pé mo jẹ̀bi. Ẹni tó ń tiro tó kọ̀ láti jókòó máa ṣagbe, ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n tún ní kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ mi kọ lẹ́tà láti jẹ́rìí pé n kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Mo pè wọ́n, mo ṣàlàyé pé èmi náà ni ọ̀gá. Obìnrin tó gbé fóònù ní sùúrù púpọ̀. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ojú ewé ọ̀gá kò gbọdọ̀ ṣófo. Mo bá jókòó, mo kọ̀wé nípa ara mi. Mo ní ọmọọṣẹ́ yìí jẹ́ olóòótọ́, kì í jí aṣọ oníbàárà, àfi pé ó ti ń pẹ́ kó tó parí iṣẹ́ báyìí, nítorí ẹsẹ̀. Mo fọwọ́ sí i. Ó wù mí kí n fi kún un pé yóò ṣòro fún ilé iṣẹ́ wa láti rí irú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mo rántí pé ọ̀gá kì í yin ọmọọṣẹ́ jù.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ní kí n wá kí nọ́ọ̀sì kan yẹ̀ mí wò ní ọ́fíìsì kan nítòsí ibi tí a ti ń wọ sọ́búwè, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti fi ọwọ́ ara mi ba nǹkan jẹ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí ìyá mi kọ́ mi ni mo ṣe. Èmi télọ̀, ṣé kí n wọ aṣọ tó rún lọ síwájú ẹni tí n kò mọ̀ rí? Mo wọ kóòtù tí mo fọwọ́ ara mi rán. Ìyàwó mi lọ ṣòkòtò rẹ̀ títí ojú ìlọ rẹ̀ fi mú bí ọ̀bẹ. Mo dán bàtà. Nígbà tí mo débẹ̀, ọ̀pá tí mo fi ń tilẹ̀, mo gbé e ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, n kò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ rí ọ̀pá kó tó rí mi. Nígbà tí nọ́ọ̀sì náà wọlé, ọmọ tí mo lè bí ni, mo dìde fún un, mo rẹ́rìn-ín sí i. Ó béèrè bí mo ṣe wà. Mo ní mo wà dáadáa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Ta ni wọ́n kí láàárọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àìsàn sílẹ̀ bí ẹni ń ka ẹrù? Ẹni tó wà lórí ibùsùn ọsibítù pàápàá, bí ẹ bá kí i, á ní ara ń le. Ẹ̀yin tí ẹ wá kí i lẹ ó wo ojú rẹ̀, ẹ ó mọ ìyókù, ẹ ó sì lọ sunkún ní ìta. Àwa náà la ni òwe tó ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. A mọ̀ ọ́n pa fún ẹlòmíràn.

Ó béèrè ẹsẹ̀. Mo ní ó ń sàn díẹ̀díẹ̀, nítorí èèyàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe ibi sí ara rẹ̀. Ó béèrè àtẹ̀gùn. Mo ní à ń gbìyànjú. Ó béèrè bóyá mo ní ìṣòro tí mo bá ń dáná. Mo ní rárá o, kò sí ìṣòro kankan níbẹ̀, láti ọjọ́ tí mo ti gbéyàwó n kò dáná rí. Ìdajì àkọ́kọ́ nìkan ló kọ sílẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kan ní Newmarket, ló ka èsì náà fún wa. Wọ́n ní olùbéèrè múra dáadáa, inú rẹ̀ dùn, ó dìde láìsí ìrànlọ́wọ́, kò lo ọ̀pá, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun wà dáadáa àti pé ẹsẹ̀ òun ń sàn, kò sì ní ìṣòro kankan pẹ̀lú ìdáná. Nítorí náà wọn ò ní lè ṣe nǹkan kan fún mi. Ìyàwó mi ní ó kéré tán, wọ́n sọ̀rọ̀ rere nípa aṣọ.

Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí bóyá lóòótọ́ ni mo sọ pé mo wà dáadáa. Mo ní ṣebí ó kí mi ni. Ó ní kò kí mi, àyẹ̀wò ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní a ṣì lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ẹnì kan yóò pè mí lórí fóònù, bí ìyẹn náà ò bá yọrí, ìdí maṣíìnì ló kù. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní katikísìmù.

"Báwo lẹ ṣe wà, sà?"

"A dúpẹ́."

"Dádì, ẹ má dúpẹ́."

"Kí n má dúpẹ́ kẹ̀?"

"Títí wọn ó fi pa fóònù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè máa dúpẹ́ di alẹ́. Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń dùn mí."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," ìyàwó mi ló dáhùn láti kíṣìnnì. "Kò ní dùn yín."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Ó ń dùn wọ́n. Ohun tí a fẹ́ kí wọ́n sọ gan-an nìyẹn."

Sátidé mẹ́ta la fi ṣe é. Bí mo bá ti la ẹnu pe àìsàn kan, ìyàwó mi á ti fi àdúrà wò ó sàn kó tó balẹ̀. Ká ní gbogbo àdúrà yẹn gbà ni, ẹ̀sùn irọ́ pípa ni ìjọba ì bá fi kàn mí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pè, ọmọ mi wà níbi iṣẹ́. Mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta. Ìyàwó mi jókòó tì mí. Ó ti ṣèlérí pé òun ò ní sọ nǹkan kan, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu kí ìlérí náà má baà bọ́. Ọkùnrin kan ló pè, ohùn rẹ̀ tutù. Ó béèrè bí mo ṣe wà. Ọpẹ́ ti dé ètè mi, mo gbé e mì. Mo ní ara mi ò yá.

Ó ń retí ìyókù. Ibi tí ẹ̀kọ́ ọmọ mi parí sí nìyẹn. Láyé mi, n kò kọjá ibẹ̀ rí, torí pé níbi tí mo ti wá, ẹni tó kí yín ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín, ó ti ń ṣàdúrà. Ọkùnrin yìí kò ṣàdúrà. Mo bá ń sọ ọ́ lọ.

"Ó ti lé ní ọdún kan tí n kò ti lè dúró wẹ̀. Mo ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì nínú yàrá tí mo ti ń ránṣọ. Ìgbà kejì, ìyàwó mi ti lọ síbi iṣẹ́. Ilẹ̀ ni mo wà láti àárọ̀ títí mo fi gbọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ fún un pé abẹ́rẹ́ tó bọ́ ni mo ń wá."

Ìyàwó mi gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu. Mo ń gbọ́ tí ọkùnrin náà ń tẹ kọ̀m̀pútà rẹ̀. Ó bi mí ta ló tún mọ̀ nípa ìṣubú yìí. Mo ní òun ni ẹni àkọ́kọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, òun tí wọn ò kọ̀ fún pé kó dúpẹ́, ó sì pa fóònù.

"Abẹ́rẹ́," ni ìyàwó mi wí.

Mo ní kò tó nǹkan.

"Mo kúnlẹ̀ bá yín wá a. Mo gbé káńdẹ́là wá. Ẹ ń nawọ́ sí abẹ́ àga fún mi."

Mo tún ní kò tó nǹkan. Ó ní ó dáa, kí n pe ọkùnrin yẹn padà, kí n sọ fún òun náà pé kò tó nǹkan. Ó wá bi mí bóyá ìjọba nìkan ni mo máa ń sọ òtítọ́ fún.

Lẹ́tà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Wọ́n gbà. Ìjọba ti rí i pé ẹsẹ̀ mi burú gan-an, ó sì dá wọn lójú pé kò ní sàn mọ́. Ọmọ mi hó lórí fóònù bí ẹni pé mo yege ìdánwò. Ìyàwó mi ní ká lọ dúpẹ́ nílé Ọlọ́run. Mo bi í pé kí la fẹ́ sọ níwájú ìjọ: ẹ bá mi yin Olúwa, wọ́n ti fọwọ́ sí i pé n kò ní sàn? Ó ní kí n ṣáà wá jókòó.

Mo lọ, mo sì jókòó. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo ìjọ dìde fún orin ìyìn, n kò dìde. Ìyàwó mi wò mí, òun náà padà jókòó. Arábìnrin kan tó ń darí èrò tẹ̀ wá sí etí mi, ó ní, Dádì, ṣé kò sí nǹkan o? Mo ń la ẹnu, ìyàwó mi ti ṣáájú mi.

"Ẹsẹ̀ wọn ń dùn wọ́n," ó ní. "Wọ́n ti sọ fún wa pé kò ní sàn."

Arábìnrin náà wò ó bí ẹni tó sọ Bíbélì sílẹ̀. Ó ní ká má fi ẹnu wa pè é bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún mi, ó gbàdúrà tó gùn, tó sì dára, ó ní ó ti parí, ká máa dìde.

A ò dìde.