Mọ́ínmọ́ín Ẹ̀gbọ́n Mi ní Veddel

Yúrò méje ni mò ń ta ìdì irun kan ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kreuzberg, ní Berlin, oníbàárà á sì máa ná an bí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀.

Lọ́dọọdún, bí òtútù bá ti lọ, mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù, kí èmi àtọmọ mi lè bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe àjọ̀dún ìgbà ìrúwé àdúgbò wọn ní Veddel, ní Hamburg. A ó tẹ́ ẹní sórí koríko, a ó jẹ mọ́ínmọ́ín tí mo sè wá láti Berlin.

Lọ́dún tó kọjá, bí mo ṣe ṣí kúlà, ìyá àgbà Jámánì kan ń kọjá. Mo ní kó wá jẹun. Ọmọ Yorùbá á ní "á gba ibi ire," á bá tiẹ̀ lọ. Ìyá jókòó! Ó jẹ méjì, ó juwọ́ pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn náà jókòó jẹun.

Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì fẹnu kan nǹkan. "Pe gbogbo Hamburg, ìyá olóúnjẹ! Ọdún kan gbáko ni mo fi retí mọ́ínmọ́ín yìí."

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnu lásán ni mo fi pè é."

"Òun ò fi ẹnu lásán jẹ ẹ́!"

Ọmọ mi yẹ kúlà wò, ó fi Jámánì sọ pé ó ti tán. Àwọn àlejò dìde, wọ́n dúpẹ́, wọ́n fi owó ẹyọ sórí ẹní. Mo ní ká dá a padà. Ẹ̀gbọ́n mi ti kó o sí báàgì, ó ní owó ìtanràn òun ni: yúrò mọ́kànlá àti ogún sẹ́ǹtì.