Hùmúàní Tu Ọkọ̀ Láti Mull Dé Coll

Bí ẹ bá ń gbé ní Castle Green nílùú òyìnbó, tí ẹ sì máa ń wọ bọ́ọ̀sì, ó ṣeé ṣe kí Hùmúàní ti gbé yín rí. Obìnrin kúkúrú ni, ó lágbára, ẹ̀rín kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí Jannah, àbíkẹ́yìn rẹ̀, lọ sí yunifásítì, tí ilé wá pa rọ́rọ́, Adéṣọlá tí wọ́n jọ ń wa bọ́ọ̀sì mú un lọ síbi adágún kan tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ọkọ̀ ìgbòkun. Bí atẹ́gùn ṣe kún inú aṣọ ìgbòkun, tí ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láìsí ẹ́ńjìnnì, igbe ayọ̀ ni Hùmúàní fi bọnu. Láti ọjọ́ náà, kò sí Sátidé tí kì í lọ.

Raheem ọkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú, rò pé eré lásán ni. Àfi ìgbà tó gbọ́ pé ìyàwó òun àti Adéṣọlá ń lọ sí Scotland, láti fi ọkọ̀ ìgbòkun lọ láti erékùṣù Mull sí erékùṣù Coll.

"Ìyá Jannah, adágún kọ́ ni òkun o! Ìgbà ìrúwé la wà yìí. Oòrùn láàárọ̀, yìnyín lọ́sàn-án. Ojú ọjọ́ tí kò mọ ohun tó fẹ́!"

"Bàbá Jannah, mo ti gbọ́. Ẹ ṣáà bá mi ṣe àdúà."

Àdúà náà ló ń ṣe títí ó fi sìn ín dé ibùdókọ̀ ojú irin.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa ṣíkọ̀ ní Mull, ojú sánmà mọ́ kedere. Dávídì, òyìnbó onírùngbọ̀n pupa tó ni ọkọ̀ náà, fa ìgbòkun sókè, ó sì fa ọ̀pá ìtọ́kọ̀ lé Hùmúàní lọ́wọ́. Wọ́n kọjá ẹnu èbúté, wọ́n kọjá ṣóńṣó ilẹ̀ tó kẹ́yìn, òkun gbalasa sì là sílẹ̀ níwájú wọn. Ìgbì tó ti ọ̀nà jíjìn wá gbé ọkọ̀ sókè, ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Inú Hùmúàní ń dùn ṣìnkìn. Ní ti Adéṣọlá, ó ti gbá korobá mọ́ra, ó ń bì.

"Pẹ̀lẹ́, Adé."

"Àǹtí, ẹ má wò mí. Iwájú ni kẹ́ ẹ máa wò."

Iwájú náà ló ń wò tí omi fi là. Ẹ̀yìn dúdú kan tó ń dán yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó mí fùùù, omi sì fọ́n sí wọn lójú. Ẹja àbùùbùtán! Ó gùn ju ọkọ̀ wọn lọ. "Súbùháná-Lláhì!" Hùmúàní pariwo. Adéṣọlá pàápàá gbé orí sókè nínú korobá.

Ẹja náà kò tíì rì tán tí òjìji fi bò wọ́n. Ìkùukùu dúdú ti gbá ìwọ̀-oòrùn mú. Atẹ́gùn tó ń tì wọ́n lẹ́yìn dákẹ́ lójijì, ó sì já lù wọ́n láti iwájú. Ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ife tíì wọn sì fò sínú òkun.

"A ṣì lè padà o!" Dávídì ké. "Kí lẹ wí?"

Hùmúàní wo Adéṣọlá. Òun lara rẹ̀ kò yá, òun ló yẹ kó sọ̀rọ̀.

"Tá a bá padà báyìí," Adéṣọlá nu ẹnu, "mi ò ní tún wọ ọkọ̀ yìí mọ́ láyé. Àǹtí, ẹ jẹ́ ká máa lọ!"

Dávídì rá lọ sídìí òpó láti dín ìgbòkun kù. Yìnyín dé, ó ń ta wọ́n bí òkò. Hùmúàní fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti pákó, ó fi gbogbo ara di ọ̀pá ìtọ́kọ̀ mú. Bí ìgbì bá ń bọ̀, á kọ orí ọkọ̀ sí i. Bó bá kọjá, á dá a padà sọ́nà. Síbẹ̀ ẹ̀rín ló ń rín, ẹ̀rín àrín-dákú, omi iyọ̀ ń ṣàn lójú rẹ̀.

Bí eré bí eré, yìnyín dá. Oòrùn yọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, òṣùmàrè nà sójú omi, Coll sì wà níwájú gbọọrọ, ilẹ̀ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ilé funfun mélòó kan tò sétí omi.

Nígbà tí ìdákọ̀ró balẹ̀ tán, Hùmúàní pe Raheem.

"Ẹ ti dé?" Raheem kò tilẹ̀ kí i. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń wo atẹ́gùn lórí fóònù!"

"A ti dé! Èmi ni mo tù ú, Bàbá Jannah, èmi gan-an!"

"Ìyàwó mi," Raheem ní, "o káre."

Hùmúàní fi fóònù sápò, ó yíjú sí Dávídì. "Erékùṣù wo ló kù lẹ́yìn èyí?"

Dávídì na ìka sí gúúsù, ṣùgbọ́n Adéṣọlá kò jẹ́ kó lanu.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí! Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹun ná!"