Ayaba Tó Bá Ọkọ̀ Àárọ̀ Lọ

Òórùn ẹja yíyan ló máa ń ṣáájú èsì ayò mi dé. Bí mo bá ti dúró sí èbúté Àgbádárìgì láàárọ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà sì gbé òórùn náà kàn mí nímú, mo ti mọ̀ pé ọkọ̀ Àjídò kò jìnnà mọ́, pé ìyá ẹlẹ́ja wà nínú rẹ̀, àti pé nọ́ọ̀sì kan tí mi ò fojú rí rí ti ní ohun tó fẹ́ fi dà mí láàmú. Màá máa na ọrùn wo ojú omi. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ìyàwó ojú ọ̀nà ni mò ń dúró dè.

Àwọn ológun ló ń ṣèjọba nígbà náà. Olùkọ́ tuntun ni mí, Èkìtì ni mo ti wá, wọ́n sì gbé mi sí iléèwé girama kan ní Àgbádárìgì, níbi tí mi ò ti gbọ́ Ègùn, tí àwọn ọmọ kíláàsì mi sì máa ń fi Ègùn sọ̀rọ̀ mi lójú mi. Ìjọba ní ká fara dà á, àwọn ń tún ìlú ṣe. Àwa náà ń fara dà á. Ṣúgà di ohun tí à ń gbé jáde fún àlejò pàtàkì, tíì lásán ni àwa ń mu. Owó oṣù a máa dé nígbà tó bá wù ú. Bẹntiróòlù wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi fi dákẹ́, tí àwọn ọlọ́kọ̀ sì padà sídìí ọ̀pá àti àjẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá rántí ìgbà yẹn, ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Mi ò mọ ìgbà mìíràn tí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó fà á ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ọ̀sà. Bàbá Akọ̀wé la máa ń pè é, nítorí iṣẹ́ akọ̀wé ló ṣe nínú ọkọ̀ òkun títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òkè òkun ló ti ra ṣẹ́ẹ̀sì kan bọ̀: pátákó onílé funfun àti dúdú, pẹ̀lú àwọn ọmọ ayò tí wọ́n fi igi gbẹ́, ọba, ayaba, bíṣọ́ọ̀bù, ẹṣin, ilé ìṣọ́, àti àwọn ọmọ ogun kéékèèké tó máa ń ṣáájú. Ilé ìṣọ́ dúdú kan ti bọ́ sómi nígbà tí Bàbá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, èèpo àgbọn ló sì fi gbẹ́ òmíràn dípò rẹ̀. Mi ò mọ ẹlòmíràn nílùú náà tó ní ṣẹ́ẹ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn ti lè rí i rà lásìkò tí ọjà òkèèrè kì í wọlé bó ṣe yẹ mọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mo ti kọ́ ayò náà, mo sì gbà pé mo mọ̀ ọ́n ta ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ta lọ. Ayaba ni mo máa ń kọ́kọ́ yọ. Kí ọmọ ogun ẹnikẹ́ni tó na ẹsẹ̀, ayaba mi ti dé ẹnu ọ̀nà ilé onílé, ó ń halẹ̀, ó ń sáré sọ́tùn-ún sósì. Àwọn ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù mi á sì jókòó sílé bí ẹni tí wọn ò pè síbi ìnáwó. Mi ò kì í ronú pẹ́. Lójú mi, ẹni tó bá ń ronú pẹ́ kò mọ̀ ọ́n ta ni. Bàbá a máa nà mí ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, a sì máa fi mí rẹ́rìn-ín.

"Vi ṣie," bí àwọn Ègùn ṣe ń pe ọmọ ẹni nìyẹn, "ayaba tìrẹ yìí, ṣé kò ní ilé ni?"

Nígbà tó yá, ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó di pé kó máa fọwọ́ pa ẹṣin lórí kó tó mọ̀ pé ẹṣin ni. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta ránṣẹ́ pé òun á wá gbé e lọ sọ́dọ̀ òun lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Bàbá ní òun ò ní gbé ṣẹ́ẹ̀sì tí òun ò lè rí mọ́ lọ síbì kan. Ẹni méjì péré ló mọ̀ tó fẹ́ràn ayò náà dénú: èmi, àti nọ́ọ̀sì kan tó wà nílé ìwòsàn kékeré Àjídò, tó kọ́ ọ lọ́wọ́ Bàbá nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Àgbádárìgì tí Bàbá sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kán. Ó ní kí àwa méjèèjì ta ọ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá borí ni yóò gbé ṣẹ́ẹ̀sì náà lọ.

Mo fẹ́ ẹ. Kí n má parọ́, mo fẹ́ ẹ ju owó oṣù mi lọ. Bí Bàbá bá lọ, tí ṣẹ́ẹ̀sì náà sì bá nọ́ọ̀sì lọ sí Àjídò, kí ló kù fún èmi ní Àgbádárìgì ju tíì tí kò ní ṣúgà lọ?

Nọ́ọ̀sì kò lè fi àwọn aboyún sílẹ̀ kó wá jókòó tì wá, Bàbá náà sì ní ṣẹ́ẹ̀sì la fẹ́ ta, kì í ṣe ojú la fẹ́ wò. Ni a bá ń fi ọkọ̀ ta á. Nọ́ọ̀sì ya pátákó tirẹ̀ sórí páálí, ó sì fi ìdérí ìgò oògùn ṣe ọmọ ayò. Èmi ń lo ti Bàbá lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi ni mo ni funfun, òun ló ni dúdú. Ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ, òróró ẹja ti jẹ ẹ́ kó tó dé Àjídò, nítorí náà ẹnu la fi ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Ilé kọ̀ọ̀kan lórí pátákó ní orúkọ, láti A dé H, láti ení dé ẹ̀jọ. Ìyá ẹlẹ́ja ló ń mú èsì nọ́ọ̀sì bọ̀ nínú ọkọ̀ àárọ̀. Bí mo bá fẹ́ fèsì lójú ẹsẹ̀, mo lè sọ ọ́ fún ọlọ́kọ̀ tó ń padà lọ nígbà náà. Bí mo bá fẹ́ rò ó, ìyá ẹlẹ́ja á gbé e lọ nígbà tó bá tajà tán, nínú ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́. Òfin kan ni Bàbá ṣe: ayò tó bá ti wà nínú ọkọ̀, tí ọkọ̀ náà sì ti kúrò létí omi, a ò gbọ́dọ̀ pè é padà.

Èmi, ìgbà wo ni mo fẹ́ rò ó? Nọ́ọ̀sì lásán-làsàn! Mo ti ń wá ibi tí mo máa gbé ṣẹ́ẹ̀sì náà sí nínú yàrá mi. Ọwọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ yá. Ọmọ ogun kan lónìí, òmíràn lọ́la, ẹṣin á sì wá jókòó sẹ́yìn wọn. Àwọn apẹja ọ̀sà náà ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní àkájà: wọ́n á ri ẹ̀ka igi mọ́ inú omi, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí ẹja máa wá fi ibẹ̀ ṣe ilé, ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n á tó fi àwọ̀n yí i ká. Bó ṣe ń ta nìyẹn. Mo ń wo bó ṣe ń ri igi tirẹ̀ mọ́ omi, mo sì ń pè é ní ojo.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá ẹlẹ́ja sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ní, "Tíṣà, nọ́ọ̀sì ní bíṣọ́ọ̀bù, E méje." Kò tíì gbé agbọ̀n ẹja rẹ̀ kalẹ̀ tí mo ti kọjú sí ọlọ́kọ̀.

"Ayaba, H márùn-ún!"

Ọlọ́kọ̀ tún un pè kó má baà gbàgbé, àwọn èrò wọlé, ó fi ọ̀pá ti ilẹ̀, ó lọ. Mo rìn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá, mo ń súfèé. Bí mo ṣe gbé ayaba mi lé H márùn-ún báyìí, ni mo rí ẹṣin dúdú kan ní F mẹ́fà. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti wà níbẹ̀, tí kò ṣe nǹkan kan, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà, tó kàn ń wo H márùn-ún.

Mo sáré. Mo sáré tí bàtà mi kan fi bọ́. Ọkọ̀ náà kò tíì jìnnà, ṣùgbọ́n sójà kan ti dé èbúté, tó ní kí gbogbo èèyàn tò bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi gbogbo nígbà yẹn. "Níbo lò ń lọ? Lọ sẹ́yìn!" Mo lọ sẹ́yìn. Mo bẹ ìyá tó wà níwájú mi, ìyẹn bẹ ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ mi sì ń gba ẹnu dé ẹnu lọ: ẹ bá tíṣà sọ fún ọlọ́kọ̀ kó dá ayaba padà. Nígbà tó fi dé iwájú, gbogbo ìlà ló ń pariwo pọ̀, "Ẹ dá ayaba padà o!" Sójà náà yíjú wò wá bí ẹni pé orí gbogbo wa ti dàrú. Ọlọ́kọ̀ rántí òfin Bàbá. Ó juwọ́ sí wa, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń ti ọ̀pá rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá ẹlẹ́ja kò tilẹ̀ kí mi. "Ó ti pa á," ló wí. "Ẹṣin ló fi pa á. Ó ní kí n bá ọ kẹ́dùn."

Ó dùn mí wọra. Bíṣọ́ọ̀bù mi pa ẹṣin náà, ṣùgbọ́n kí ni ẹṣin níwájú ayaba? Mo lọ jókòó ti Bàbá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ní kó kúkú di ṣẹ́ẹ̀sì náà fún nọ́ọ̀sì, ó ti tán. Ìbéèrè ni Bàbá fi dá mi lóhùn.

"Bí o bá fi iṣẹ́ rán ọlọ́kọ̀ láàárọ̀, ìgbà wo ni èsì máa ń dé?"

"Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni, Bàbá."

"Bí o bá fi rán ìyá ẹlẹ́ja nírọ̀lẹ́ ńkọ́?"

Mo ṣírò ó lọ́kàn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì kan náà ni.

"Ta wá ni ò ń sáré fún, vi ṣie?"

Láti ọjọ́ náà lọ, ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni mò ń lò. Màá gba èsì láàárọ̀, màá gbé e lọ sí kíláàsì nínú orí mi, màá sì padà sọ́dọ̀ Bàbá lẹ́yìn iṣẹ́. Ó kọ́ mi pé kí n máa gbé àga mi lọ sí ìhà kejì pátákó, kí n jókòó síbi tí nọ́ọ̀sì ì bá jókòó sí, kí n sì bi ara mi pé kí lẹni yìí ń fẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé eré ni. Àmọ́ láti ìhà ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kò sí ọmọ ogun rẹ̀ kan tó ń rìn lásán. Àwọn ẹṣin mi jáde nílé, àwọn ilé ìṣọ́ mi rí iṣẹ́ ṣe, àwọn tí mi ò bìkítà fún tẹ́lẹ̀. Ó sì yà mí lẹ́nu pé inú mi ń dùn, bẹ́ẹ̀ mi ò ní ayaba mọ́.

Bí mo ṣe ń jókòó síbi ìjókòó nọ́ọ̀sì lójoojúmọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja náà kò jẹ́ kí n gbàgbé. "Ó ní ilé ìṣọ́ rẹ yẹn kò jẹ́ kí òun sùn." "Ó bi mí bóyá o ti lọ́jọ́ lórí, mo ní o ò tíì ní irùngbọ̀n gidi." Èmi náà á ní kí ìyá bá mi kí i. Nígbà tó yá, ìkíni gùn ju ayò lọ.

Ó ku díẹ̀ kí Àjíǹde dé nígbà tí mo ráyè. Ilé ìṣọ́ mi ti wọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó dínà mọ́ ọba. Ẹṣin mi bọ́ sí F mẹ́fà, ó halẹ̀ mọ́ ọba náà. Ọba sá sí F mẹ́jọ. Ẹṣin bọ́ sí H méje; ọba padà sí G mẹ́jọ. Ẹṣin tún padà sí F mẹ́fà. Bí ó bá sá síbòmíràn, ó kú. Bí mo bá dẹ̀yìn, èmi ni mo kú. Ẹṣin ń lọ, ọba ń bọ̀, títí ìyá ẹlẹ́ja fi sọ agbọ̀n kalẹ̀ gbì lójú èbúté.

"Tíṣà, ẹṣin yìí lọ níjẹta, ó bọ̀ lánàá, ó tún fẹ́ lọ lónìí. Ṣé ọjà ló ń ná ni? Mi ò jẹ́ iṣẹ́ yìí mọ́ o! Nọ́ọ̀sì náà ní ó ti rẹ ọba òun."

Nígbà tí mo sọ fún Bàbá, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ní ọ̀mì ni, kò sẹ́ni tó borí. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ wá gbé e, ó fa àpò aṣọ kan lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú pátákó náà. Mo tú àpò náà: funfun nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ó ti fi dúdú rán ìyá ẹlẹ́ja sí Àjídò, ti èèpo àgbọn pẹ̀lú rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, kí ni mo fẹ́ fi ààbọ̀ ṣẹ́ẹ̀sì ṣe?" Ó ti wọ mọ́tò. Ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó wá orí mi kàn, ó pa á bó ṣe máa ń pa orí ẹṣin, ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ ta, kó wọ ọkọ̀." Mo sunkún lẹ́yìn mọ́tò náà, mo sì ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ó ti pẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin wa wá kí wa, ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi. Àwọn ará ìlú tí kò dé rí ló ń bá ta ṣẹ́ẹ̀sì lórí rẹ̀. Ó ní, "Dádì, wọ́n ń nà mí ṣáá. Ẹ bá mi wo ohun tí mò ń ṣe tí kò dáa." Mo wò ó. Ayaba rẹ̀ ti jáde, ó ń sáré káàkiri, gbogbo àwọn yòókù jókòó sílé. Ẹ̀rín mú mi débi tí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní kó máa kọ́kọ́ jókòó síbi tí ẹni kejì jókòó sí, kó sì máa fi ayò rẹ̀ rán ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́, nítorí ọkọ̀ àárọ̀ kò mú èsì yá.

Ìyá rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, ó ń to dúdú rẹ̀ sórí pátákó, ilé ìṣọ́ èèpo àgbọn ló gbé kalẹ̀ gbẹ̀yìn. Kò gbójú sókè.

"Bi dádì rẹ," ló wí, "ọkọ̀ wo ni wọ́n wọ̀ wá sí Àjídò, lọ́jọ́ kejì tí Bàbá Akọ̀wé lọ."

Ọmọ náà kọjú sí mi. Ọkọ̀ àárọ̀ ni, èyí tó kọ́kọ́ ṣí, èmi ni mo sì kọ́kọ́ wọlé. Mo fa àga mi sún mọ́ pátákó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í to funfun tèmi.