Epìyà Inú Pálọ̀ Ambrose

Iṣẹ́ férémù ni Ambrose ń ṣe ní Òkìtìpupa. Ẹni tó bá ya fọ́tò ìgbéyàwó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé e lọ kí ó fi pákó àti gíláàsì sí i. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, ó lọ ra gíláàsì ní Èkó, ó sì rí àpótí gíláàsì kan ní pálọ̀ ọkùnrin tó ń tà á fún un. Omi ló kún inú rẹ̀. Ẹja wẹ́wẹ́ ń lúwẹ̀ẹ́ kiri níbẹ̀, ìyá níwájú, àwọn ọmọ lẹ́yìn. Ambrose dúró tì í títí ọkùnrin náà fi bi í bóyá kò ra gíláàsì mọ́ ni.

Bó ṣe délé, ó gé gíláàsì, ó fi pọ́tì lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó gbé e ka orí tábìlì. Ó jò. Ó tún un lẹ̀, ó tún jò. Nígbà tí omi dúró sínú rẹ̀ tán, ó pe Rùfáì aláṣọ, aládùúgbò rẹ̀, wá wò ó.

"Ibí yìí ni ẹja yóò ti bímọ," ni Ambrose wí. "Ojú wa báyìí ni."

Rùfáì tẹjú mọ́ omi náà. "Ẹja wo?"

 Ambrose kò tíì ronú débẹ̀.

Àrọ̀ ló kọ́kọ́ rà, nítorí àrọ̀ kì í tètè kú. Kò dùn ún wò rárá: ó rú omi pọ̀, ó sá sí kọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí òjò ńlá rọ̀, ó fò jáde, Agatha ìyàwó Ambrose sì fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní pálọ̀. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ igbe rẹ̀.

Ambrose wá lọ bá Jethro, apẹja kan ní Ìgbòkòdá. Jethro fún un ní ọmọ òjìjí kan, ẹja tó ń gbọ̀n ènìyàn bí iná mànàmáná, ó ní kó má fọwọ́ kàn án. Ambrose gbàgbé. Ó ń pa omi dà, ó sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Apá rẹ̀ kú títí dé èjìká, kò lè gé gíláàsì títí ilẹ̀ fi ṣú.

"Bàbá Helen," ni Agatha wí, "èmi àti ẹja yìí ò ní jọ gbélé."

Nígbà náà ló dá òjìjí padà fún Jethro, ó sì gba epìyà méjì wálé, akọ àti abo. Àwọn wọ̀nyí ló wù ú. Ara wọn ń dán, wọn kì í sì í sá fún ènìyàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó rí ẹyin wẹ́wẹ́ lórí iyanrìn ìsàlẹ̀ àpótí. Ó sáré lọ pe Rùfáì. Kí wọ́n tó dé, abo ti ń fi ẹnu ṣa ẹyin náà. Ojú wọn ló ṣe gbé èyí tó kù mì.

Rùfáì rẹ́rìn-ín. "Ambrose, ẹja rẹ ti jẹun àárọ̀."

Láti ọjọ́ náà, abo ò jẹ nǹkan kan mọ́. Ambrose da èérún púpurù, oúnjẹ gbágùúdá, sí i, ẹja náà yíjú kúrò. Ó mú esunsun fún un, kò wò ó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ abo náà sì wú. Nígbà tí Rùfáì tún bi Ambrose léèrè àwọn ọmọ ẹja rẹ̀, ó gbọ́n abo náà jáde, ó jù ú sínú igbá Agatha.

"Sè é! Ẹran burúkú tó jẹ ọmọ ara rẹ̀!"

Kò pẹ́ tí Agatha fi kígbe láti ilé ìdáná. "Bàbá Helen! Ẹ yára wá!"

Ẹja náà ti ya ẹnu, àwọn ọmọ tín-ín-tìn-ìn sì ń tú jáde sínú igbá, olójú dúdú, wọ́n ń jà pìtìpìtì. Ambrose fi ife bù wọ́n, ó dà wọ́n padà sínú gíláàsì. Kò rántí pé akọ wà níbẹ̀. Kí ó tó rí ohun tí yóò fi mú un jáde, akọ ti kó gbogbo wọn jẹ.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Agatha rọra padà lọ sídìí ìkòkò.

Ambrose gbéra lọ bá Jethro ní Ìgbòkòdá.

"Ṣé o mọ̀ pé ẹnu ni epìyà ń kó ọmọ sí?"

"Ta ni ò mọ̀ ọ́n, ọ̀gá?"

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo rò pé ẹ fẹ́ sìn wọ́n dàgbà kí ẹ tó jẹ wọ́n ni."

Ambrose tún ra méjì. Akọ ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì ja ara wọn títí lẹbẹ wọn fi fàya. Ó dá wọn padà, Jethro ní kó mú sùúrù di ìgbà òjò. Ambrose padà sílé. Ó gbé fọ́tò ìgbéyàwó tí oníbàárà ti ń dà á láàmú lé lórí láti ọjọ́ yìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn pákó, ó sì kẹ̀yìn sí àpótí gíláàsì náà.