Ọjọ́ Tí Wọ́n Wọn Ẹsẹ̀ Mi Nítorí Kẹ̀kẹ́

Òórùn dísù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, òórùn dísù àárọ̀ kùtù lórí Liverpool Road, nígbà tí àwọn tírélà tó ń dúró láti wọ èbúté máa ń tò tẹ̀lé ara wọn bí ẹni pé wọn kò níbòmíràn tí wọ́n ń lọ láyé mọ́. Àwọn awakọ̀ wọn a tẹ́ ẹní sábẹ́ ọkọ̀, wọn a dáná níbẹ̀, wọn a dúró síwájú dígí ọkọ̀ máa fá irùngbọ̀n. Èmi náà a yọ lórí kẹ̀kẹ́ ológeere mi, n ó gba àárín tírélà méjì kọjá, n ó gbé orí sókè bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Mo ti lé lógójì ọdún nígbà náà, mo ti bímọ mẹ́ta, mo sì ń ṣiṣẹ́ ìwé ní ilé iṣẹ́ kan ní Warehouse Road tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù ní èbúté. Kí n tó ra kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn láti Ajégúnlẹ̀ dé ibi iṣẹ́, nítorí mọ́tò kò rí ọ̀nà gbà. Nígbà tí mo rà á tán, èmi ni mo ń kọ́kọ́ dé láràárọ̀, ni ọ̀gá wa bá kó kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì fún mi pé kí n máa ṣílẹ̀kùn. Ẹ ò lè mọ bí kọ́kọ́rọ́ yẹn ṣe dùn mọ́ mi tó. Ọrùn ni mo so ó mọ́, kí gbogbo ayé lè rí i.

Tòkunbọ̀ ni kẹ̀kẹ́ tí mo ń wí yìí, ẹ̀bá ọ̀nà ní Ìjọra ni mo ti rà á. Àwọ̀ rẹ̀ ni mo wò. Ó pupa fòò, ó ń dán, mo sì ti sanwó kí n tó bèèrè bóyá ẹsẹ̀ mi á tólẹ̀. Kò tólẹ̀. Bí mo bá fẹ́ dúró, àfi kí n wá bèbè gọ́tà tí n ó fi ẹsẹ̀ kan tì. Ọkọ mi ní òun ò mọ̀ pé ẹṣin lòun fún mi láyè láti rà. Àwọn ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní tiwọn a máa bi mí bóyá kò sí ọkùnrin nílé tó lè fi mọ́tò gbé mi ni. Mo kàn ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo gun kẹ̀kẹ́ fún oṣù mẹ́rin péré, mo ti ń kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ọ́fíìsì nípa bírékì àti ṣéènì bí ẹni tó ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe kẹ̀kẹ́.

Orúnkún òsì mi ló dójú tì mí. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ìrora díẹ̀ lásán, ó di ohun tó ń gún mi bí abẹ́rẹ́, títí ó fi di pé bí mo bá dé ọ́fíìsì, n ó kọ́kọ́ di tábìlì mú kí n tó lè nà tán. Mo ń fi pamọ́ fún màmá mi. Wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Ajégúnlẹ̀. Iṣẹ́ aránṣọ ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà, wọ́n ṣì ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ ló ń bá wọn fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Nílé wa, kò sí ohun tó ní táyà tí a kì í gbé síwájú màmá mi kí wọ́n gbàdúrà sí i kó tó bọ́ síta. Wọ́n gbàdúrà sí mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n gbàdúrà sí ọmọlanke tí aládùúgbò wa fi ń ta omi. Kẹ̀kẹ́ mi nìkan ni wọn ò fọwọ́ kàn. Wọ́n ní, “Mi ò lè ní kí Ọlọ́run bùkún ohun tó fẹ́ sọ ọmọ mi di arọ.”

Ọjọ́ kan ni wọ́n ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń fi omi gbígbóná tẹ orúnkún. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní kí n pe àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri àdúgbò, kí wọ́n wá gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ. Ni mo bá kúnlẹ̀. Mo sọ fún wọn pé mo ti gbọ́ nípa ọkùnrin kan ní Apapa tó ń wọn èèyàn sí kẹ̀kẹ́, iṣẹ́ tó kọ́ ni, pé kí wọ́n jẹ́ kí n lọ bá a. Bí kò bá rí orúnkún yìí ṣe, n ó jáwọ́ nínú kẹ̀kẹ́ gígùn títí láé.

“Wọ́n ń wọn èèyàn sí kẹ̀kẹ́ bíi ti aṣọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Kí ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n?”

“Téèpù, mà.”

Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní kí n lọ, wọ́n padà sídìí ẹ̀rọ wọn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ṣùgbọ́n èmi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ohunkóhun wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Ìlérí tí mo ṣe ló ń já mi láyà. Kì í ṣe ti kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì nìkan. Láti ìgbà tí mo ti di ìyàwó ilé, kẹ̀kẹ́ gígùn ni ohun kan ṣoṣo tí mo fúnra mi kọ́, tí mo ṣubú nídìí rẹ̀, tí mo sì dìde, kò sì sí ẹni tó rán mi níṣẹ́ rẹ̀.

Yàrá kan lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí kan ní Apapa ni ọ̀gá tó ń wọn èèyàn sí kẹ̀kẹ́ náà ti ń ṣiṣẹ́. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, àwọn òbí rẹ̀ wá láti ilẹ̀ olómi tí wọn kì í ti í sọ Yorùbá, ó sì ti fi kẹ̀kẹ́ sáré ìdíje nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì funfun. Ó gbé kẹ̀kẹ́ mi sórí irin kan tó gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, ó ní kí n gùn ún, kí n máa wà á lójú kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn mi. Ìtìjú bá mi díẹ̀, nítorí ìdí mi ló tẹjú mọ́, bí dókítà ṣe ń wo nǹkan. Ó wò ó pẹ́.

“Àǹtí, abeg, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì yẹn.”

Ó na téèpù láti eegun ìbàdí mi dé kókósẹ̀. Ó wọn ọ̀tún, ó wọn òsì. Ó tún un ṣe. Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta ni ó ká téèpù rẹ̀.

“No vex o, àǹtí. Ẹsẹ̀ òsì yín kúrú ju ọ̀tún lọ. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kéré gan-an, but e dey.”

Mo dìde jókòó wùyà. “Ọ̀gá, ṣé ẹ rí i tí mò ń tiro wọlé ni?”

“Ẹ ò tiro. Ara yín ti kọ́ bí á ṣe ń bò ó. Àmọ́ kẹ̀kẹ́ no dey follow person cover anything.”

Ó ṣàlàyé fún mi pé bí mo bá ń rìn, mo lè fi ìbàdí gbè é lẹ́yìn láìmọ̀. Ṣùgbọ́n lórí kẹ̀kẹ́, ibi kan náà ni ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ dé, èyí tó kúrú ni yóò máa nà, orúnkún rẹ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ, mo ń ronú nípa gbogbo ṣòkòtò òkìríkà tí mo ti rà láyé mi, tí ẹsẹ̀ kan ń wọ́lẹ̀. Mo ti bá àwọn tó ń tà á jà. Mo ti sọ ọ́ lójú gbogbo ọjà pé àwọn òyìnbó kò mọ aṣọ rán. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Ọ̀gá náà gé awọ pẹlẹbẹ kan, ó fi sábẹ́ bàtà òsì mi, ó ní kí n padà sórí kẹ̀kẹ́. Mo wà á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ń retí ìrora náà bí ẹni ń retí àlejò burúkú, kò dé. Omi bọ́ lójú mi. Ọ̀gá náà ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní gba owó lọ́wọ́ mi kí òun máa parọ́ fún mi: ọkùnrin gíga ni wọ́n ṣe kẹ̀kẹ́ pupa yẹn fún, ọwọ́ tí a fi ń dì í mú jìnnà sí mi, irin rẹ̀ ga jù mí lọ, kò sí ìwọ̀n tó lè sọ ọ́ di tèmi. Orúnkún náà yóò padà bẹ̀rẹ̀. Àfi kí n ra tuntun tó bá mi mu.

Kẹ̀kẹ́ tuntun! Èmi tí mo ń lọ tọrọ pé kí wọ́n jẹ́ kí n tọ́jú àlòkù. Mo kọ àwíjàre mi sílẹ̀ bí ìgbà tí mò ń kọ̀wé sí ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù. Mo kọ ọ́ pé yóò dáàbò bo ọkàn mi lọ́wọ́ àìsàn, pé n ó ta ti pupa, pé tuntun kì í ní àrùn àbínibí. Nígbà tí mo rí i pé kò tíì lágbára tó, mo fi ti Bíbélì kún un. Mo dúró síwájú màmá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kà á síta: Jésù pàápàá, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò gùn rí ni wọ́n mú wá fún un, kì í ṣe tòkunbọ̀.

“Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gùn ún,” màmá mi dáhùn, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n.”

Ni mo bá ká ìwé náà. Mo ní, “Màmá, ẹsẹ̀ mi ò dọ́gba.”

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Ọ̀gá tó wọ̀n mí ni, mà.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó ló wọ̀n ọ́n?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta.”

Wọ́n yọ awò ojú wọn. “Ó mọṣẹ́,” wọ́n ní. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ọ́. “Ọmọ ọdún mẹ́fà lo wà. Mo rán yunifọ́ọ̀mù fún ẹ, o wọ̀ ọ́, ó gùn lápá òsì. Mo rò pé ọwọ́ mi ni. Mo tú u, mo tún un rán, bákan náà ni. Ìgbà tí mo tú u lẹ́ẹ̀kẹta ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe aṣọ. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí aṣọ tí mo rán fún ẹ tí mi ò dín apá òsì ẹ̀ kù. Mo tún ń ní kí ṣúmẹ́kà fi awọ sínú bàtà ẹ, títí o fi lọ sílé ọkọ, tó o bẹ̀rẹ̀ sí í dá bàtà rà.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Kí n sọ ọ́ fún ẹ, kó o lọ sọ ọ́ lójú títì, kí àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ fi ṣorin? Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Mo bò ó mọ́ aráyé lójú ni. Mi ò rò ó pé mo ń bò ó mọ́ ìwọ náà lójú.”

Inú kọ́kọ́ bí mi. N kò ní purọ́. Mo rántí bí wọ́n ṣe máa ń wọ́ mi ní kékeré kúrò nídìí kẹ̀kẹ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò ń háyà, tí mo ń rò pé wọn ò fẹ́ràn mi tó. Ṣùgbọ́n wọ́n ti na ọwọ́ sí mi, bàtà mi ni wọ́n ń bèèrè. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ awọ tí ọ̀gá fi sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní ó le jù, wọ́n sì bèèrè ọjọ́ tí a máa lọ ra kẹ̀kẹ́ náà. “A” ni wọ́n pè é, kì í ṣe “o”.

Lóòótọ́, wọ́n tẹ̀lé mi, téèpù tiwọn wà nínú báàgì wọn. Àwọ̀ ewé ni kẹ̀kẹ́ tuntun náà, ó kéré, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì kanlẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá ń wọ̀n mí sí i, màmá mi dúró lápá kejì, àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ kọjá lórí mi bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. “Ẹ sọ ìjókòó yẹn kalẹ̀ díẹ̀ sí i, ìbàdí ẹ̀ ń yẹ̀.” “Mama, you get eye o. Òótọ́ lẹ sọ.” Mo jókòó sáàárín wọn lórí kẹ̀kẹ́ tí kò lọ síbì kan, inú mi sì dùn dé ibi tí n kò lè fẹnu sọ. Nígbà tó parí, màmá mi gbé ọwọ́ lé e, wọ́n gbàdúrà gígùn, wọ́n fi ti ọ̀gá kún un, ó sì ṣe àmín kíkan kíkan. Lọ́jọ́ kejì tí mo gbéra lọ síbi iṣẹ́, mo gbóhùn wọn lẹ́yìn mi tí wọ́n ń sọ fún aládùúgbò wa tó ń ta omi pé, “Na my pikin be that! Ẹ wò ó bó ṣe jókòó gbọ́nran!”

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Mo ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ náà, orúnkún kò dùn mí mọ́, bí mo bá sì lọ rán aṣọ, n ó sọ ọ́ síta fún aránṣọ pé ẹsẹ̀ òsì mi kúrú, kó rántí. Ojú kì í tì mí. Láìpẹ́ yìí ni mo ń palẹ̀ àpótí aṣọ mi mọ́, mo mú téèpù, mo wọn ìṣẹ́tí àwọn èyí tí màmá mi rán fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò gbàgbé ọ̀kan nínú wọn. Kódà gáùn ìgbéyàwó mi wà níbẹ̀, tó balẹ̀ gbọọrọ, tí ẹnikẹ́ni ò lè rí ẹsẹ̀ mi lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé e lọ bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, ìka ni wọ́n fi ń wá etí rẹ̀ yí ká, títí ìka náà fi dé apá òsì.

“Ìyẹn ló nira jù,” wọ́n ní. “Léèsì ò ṣeé gé bẹ́ẹ̀ yẹn. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe é.”

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn ò sì yọwọ́ lára rẹ̀. Inú wọn dùn pé ẹnì kan ti rí iṣẹ́ náà.